Kì í ṣe gbogbo "Bẹ́ljíọ̀m" ló yẹ kéèyàn rà

Gbogbo ẹni tó bá ń wa mọ́tò tó ti dàgbà nílẹ̀ yìí ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹkáníìkì ẹ̀ rí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi tuntun sílẹ̀ jàre, ẹ jẹ́ ká lọ wá Bẹ́ljíọ̀m," ìyẹn páàtì àlòkù tí wọ́n tú lára mọ́tò nílẹ̀ òkèèrè. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mi ò ní parọ́. Àmọ́ a ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di ẹ̀sìn báyìí, kò sẹ́ni tó ń béèrè mọ́ pé páàtì wo gan-an là ń sọ, ohun gbogbo ṣáà ti di Bẹ́ljíọ̀m, látorí ẹ́ńjìnnì dórí táyà dórí bẹ́líìtì, mo tiẹ̀ rí ẹnì kan lọ́jọ́ yẹn tó ń dúnàádúrà bíréèkì páàdì àlòkù, mo ní hàà, páàdì kẹ̀? Ibi tí èmi dúró sí rèé: tó bá jẹ́ irin, ẹ ra àlòkù. Tó bá jẹ́ rọ́bà, tàbí ohun tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ni kó máa jẹ títí á fi tán, ẹ ra tuntun, kódà kẹ́ ẹ yá owó kún un.

Ẹ jẹ́ ká mú irin ná. Ohun tó jẹ́ kí Bẹ́ljíọ̀m dáa ni pé ara mọ́tò ni wọ́n ti tú u, ohun tí àwọn tó ṣe mọ́tò fi sí i látilẹ̀ ni. Mọ́tò ọ̀hún lè jẹ́ èyí tí wọ́n gbá nídìí ní Jámánì tàbí l'Ámẹ́ríkà tí àwọn ìnṣúráǹsì ní àwọn ò tún un ṣe mọ́, wọ́n á gé e, wọ́n á kó o sínú kọ̀ǹténà, ó di Ládípọ̀ ní Mushin. Ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n gbá ìdí mọ́tò. Nígbà tó jẹ́ pé tuntun tí wọ́n máa kó fún yín yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ ayédèrú, páálí tí wọ́n kọ Toyota sí yẹn nìkan ló jọ ti Toyota.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ta kick starter, ìyẹn èyí tó máa ń yí ẹ́ńjìnnì téèyàn bá fẹ́ sítáàtì mọ́tò, ní Ládípọ̀, ó máa ń wù mí wò. Ọmọ Ìgbò kan á gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa torí ó máa ń ta tó bá fẹ́ yí, á fa bátìrì sún mọ́ ọn, á fi wáyà kan so nẹ́gétíìfù mọ́ ara irin ẹ̀, á wá fi wáyà kejì kan orí ẹ̀, iná á ta pàrà, gíà kékeré inú ẹ̀ á yọrí síta, á sì máa yí fííí. Á wá gbójú sókè wò yín: "Oga, you don see am?" Ẹ ti rí i lóòótọ́. Ẹni tó ń ta ti inú páálí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ dán tiẹ̀ wò bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ máa dọ̀tí ẹ̀. Òótọ́ ni pé kò gbé ẹrù kankan nígbà tó ń yí nílẹ̀ yẹn, yíyí ẹ́ńjìnnì lọ̀tọ̀, àmọ́ ó sàn ju kéèyàn kàn máa wo páálí lọ. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ tó lọ sí Ládípọ̀ rárá, tí Toyota yín bá kàn ń dún kọ́, kọ́, tí kò yí, tí bátìrì sì dáa, ẹ ní kí rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe tú kick starter yẹn wò, kọ́pà kékeré méjì kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń jẹ, ẹ lè pààrọ̀ kọ́pà yẹn nìkan, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó odidi ẹ̀. Wọn kì í sábà sọ ìyẹn fún èèyàn. Èrè dà níbẹ̀?

Irin náà ní ibi tó ti ń tan èèyàn o. Ẹ mú Toyota Camry 2007 sí 2009, èyí tí à ń pè ní Muscle, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ 2.4, èyí tí wọ́n ń pè ní 2AZ. Àìsàn ẹ̀ ni kó máa mu ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, ríìngì ara písítìn tó yẹ kó máa nu ọ́ìlì ló máa ń dí, ọ́ìlì ò ní rí ọ̀nà padà sísàlẹ̀, á máa jó mọ́ epo bẹntiróò, Toyota fúnra wọn padà yí písítìn àti ríìngì yẹn nígbà tó yá. Ẹni tí tiẹ̀ ń mu ọ́ìlì á wá kó owó ńlá sílẹ̀, á lọ ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀m tí wọ́n tú lára Muscle 2007 míì. Ẹ̀gbọ́n, àìsàn kan náà lẹ tún fowó rà yẹn. Ẹ máa gbé e sí i, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tó bá ṣe díẹ̀ ẹ máa yọ dipsitíìkì, ẹ ò ní rí ọ́ìlì lẹ́nu ẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì tó wà lọ́wọ́ yín ò bá tíì ní wàhálà míì, písítìn àti ríìngì tí wọ́n tún ṣe yẹn ni kẹ́ ẹ wá, iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀, ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ ìyẹn ló ń wo àìsàn yẹn.

Ó yá, rọ́bà. Rọ́bà ń gbó lórí ìjókòó. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá lò ó, ooru àti afẹ́fẹ́ nìkan ti tó, ó ti ń le, ó ti ń sán díẹ̀díẹ̀ látìgbà tó ti wà lára mọ́tò tí wọ́n tú u, ó tún wá jókòó sínú kọ̀ǹténà, ó tún wá jókòó sínú oòrùn lójú títì Ládípọ̀. Hóòsì bíréèkì àlòkù lè dán lẹ́yìn kí inú ẹ̀ ti wú, ẹ máa tẹ bíréèkì, kò ní tú sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnnì síìtì àlòkù, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, náà nìyẹn, tẹ́ ẹ bá fi sí D tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì ní góòsílóò, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín, mẹkáníìkì á ní gíà ló ń bàjẹ́ bọ̀, bẹ́ẹ̀ síìtì ni.

Táyà ló burú jù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà, 2316 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2016. Wọ́n á fi nǹkan dúdú pa á lára, á máa dán gbinrin, eyín ẹ̀ á ṣì ga, ẹ máa rò pé ẹ jèrè, táyà tó ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá lẹ fẹ́ fi sáré lọ sí Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan lórí expressway. Àlòkù táyà mọ́tò kékeré wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí ẹnikẹ́ni má kó wọlé o, ó sì kún títì. Nígbà tí Michelin ti ilé iṣẹ́ wọn ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop ní Ìkejà náà ò ṣe táyà mọ́ láti 2008, ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí ti hàn, táyà tuntun wá di ohun tí dọ́là ń dá iye lé.

Ọ̀rọ̀ dọ́là yìí náà ló fà á tí mi ò fi lè bínú sí ẹni tó ń ra àlòkù. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan ò tíì pé 480 lọ́dọ̀ ìjọba, nígbà tó máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti kọjá 1,500. Owó oṣù kò kúkú lọ sókè bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé tówó bá kéré, ibi tó yẹ kéèyàn ti fún ara ẹ̀ mọ́ ni irin, kì í ṣe bíréèkì.

Ṣọ́ọ̀kì nìkan ni mo lè gbà fún yín díẹ̀, mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀pọ̀ yín ti máa bá mi jà. Ọ́ìlì àti rọ́bà ló wà nínú ẹ̀, nítorí náà tuntun ló yẹ, àmọ́ tuntun burúkú inú ọjà wa yìí le bí igi, Bẹ́ljíọ̀m tó dáa sì sàn jù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ wo ọrùn ẹ̀, tí ọ́ìlì bá ti rin ín níbẹ̀ ẹ gbé e padà, tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ mọ́ jù, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fọ̀.

Àwọn kan á ní mẹkáníìkì ló ń já àwọn jẹ, pé ó ń bu owó lé páàtì. Ó ń bù ú lé e, ṣé ẹ fẹ́ kó lo ọjọ́ ẹ̀ nínú oòrùn Ládípọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni ká kàn rán an pé "bá mi ra headlight Corolla 2005." Corolla 2005 wo? Ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ò jọra, bọ́ńpà wọn ò jọra, iná iwájú wọn ò jọra, méjèèjì ló sì wà lójú títì wa. Ẹ wo VIN yín, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá mọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ òsì. Tó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó pọ̀, tó bá jẹ́ J, Japan ni. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ tú páàtì tó bàjẹ́ yẹn, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fún un kó mú un lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páàtì náà, ẹ kà á tó bá ṣì hàn. Gbogbo "kò ṣe é ṣe, ẹ jẹ́ ká fi fáìlì họ ọ́ díẹ̀" tí wọ́n ń sọ yẹn, ibi tẹ́ ò mú nǹkan lọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo tún fẹ́ sọ pé mọ́tò tó dàgbà jù kọ́ ni páàtì ẹ̀ máa ń wọ́n jù. Pijó 504 ńkọ́? Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kaduna, ilẹ̀ Faransé ṣíwọ́ saloon ẹ̀ ní 1983, tiwa ṣì ń jáde lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ẹ lọ sí Àràrọ̀mí ní Agodi Gate n'Íbàdàn, ẹ béèrè páàtì ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀, wọn ò ní bi yín léèmejì, èyí tí wọn ò bá ní, ẹni tó ń fi lathe gé irin á gbẹ́ ẹ fún yín. Lọ́rì Mercedes 911 tó ń gbé yanrìn kiri yẹn náà ńkọ́, OM 352 ni ẹ́ńjìnnì púpọ̀ nínú wọn, kò sí ibi tí ọmọ iṣẹ́ ò ti lè tú u lójú títì. Ẹ wá fi wé àwọn jíìpù Yúróòpù tí kò tíì pẹ́ rárá tó jẹ́ pé brain box ẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tó bá kú, ẹ lè ra àlòkù kó má sítáàtì, torí kò mọ kọ́kọ́rọ́ yín, àfi kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa fi kọ̀ǹpútà mú wọn mọra. Èmi ò ní ra mọ́tò kankan láìtíì béèrè iye ṣọ́ọ̀kì, brain box àti gíà ẹ̀ lọ́jà.

Ọ̀kan ṣì kù tó ń bí mi nínú, páàtì tí wọ́n ń yọ tí wọn kì í dá padà. Thermostat, èyí tó ń ṣàkóso bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa gbóná tó, wọ́n á ní "Nàìjíríà gbóná, kò wúlò," ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ ní tútù, á máa jẹ epo, ẹ ò ní mọ ohun tó fà á. Catalyst inú sàlẹ́ńsà náà, èyí tó ń fọ èéfín mọ́, wọ́n ń wá a kiri ra torí platinum àti palladium inú ẹ̀, mẹkáníìkì kan á gé e, á fi páìpù lásán jó o pọ̀, check engine á tàn, kóòdù P0420 á jáde, ìyẹn ni pé catalyst ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, á ní "sensor ni." Tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò fún wọn, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ó tán lẹ́nu mi. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rí ẹ́ńjìnnì síìtì tuntun gidi fún Camry Big Daddy 2004, kì í ṣe ti páálí o, kó bá mi sọ ọ́, Ìbàdàn ni mo wà, mo sì lè wá sí Èkó.