Angélique Kidjo kì í ṣe ọmọ Benin ti Nàìjíríà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́, pé "Angélique Kidjo, ọmọ Benin City ní Nàìjíríà, ti gba Grammy márùn-ún", ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Grammy (ẹ̀bùn orin ti Amẹ́ríkà) márùn-ún tí akọrin yìí gbà, òótọ́ ni. Ibi tí ẹ ní wọ́n ti bí i ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ouidah, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 1960, nígbà tó ku ọjọ́ méjìdínlógún kí orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira. Dàhòmì là ń jẹ́ nígbà náà. Ọdún 1975 ni ìjọba Kérékou, ààrẹ wa nígbà náà, sọ wá di Benin. Benin ti àwọn Ẹ̀dó wà lọ́tọ̀ ní tirẹ̀. Orúkọ nìkan ló pa wá pọ̀.

Mo fura pé Yorùbá tó fi ń kọrin ló fà á. Ìyá rẹ̀, Yorùbá ni. Bàbá rẹ̀, Fọ̀n. Ṣùgbọ́n èdè kì í ṣe ìwé ìrìnnà. Àwa ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń sọ Yorùbá kí Faransé tó dé, síbẹ̀ a kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. (Ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, wọ́n ṣì máa ń bi mí pé àdúgbò wo ni mò ń gbé l'Ékòó!)

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú ewé UNICEF, tó ti fi í ṣe aṣojú láti ọdún 2002. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kí wọ́n tó máa pín in lọ.