Blẹ́ńdà kejì kì í ṣe tiyín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí òǹtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì bá fi blẹ́ńdà méjì ránṣẹ́ sí ẹni tó san owó ẹyọ kan, òfin ti sọ ìkejì di tirẹ̀. Rárá o. Òfin Amẹ́ríkà tí ẹ gbọ́ yẹn dá lórí ọjà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè fún un. Àṣìṣe yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìlọrin sì la wà: nínú Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí Kwara ń lò, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ sọ ẹrù ẹlòmíràn di tirẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí òǹtajà, ẹ má tíì lò ó. Àwọn ló ṣàṣìṣe, kí wọ́n fi owó ara wọn wá gbé e. Ẹ má fi kọ́bọ̀ yín wọ ọ̀kadà kúrò ní Tanke. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kúkú máa lò ó, ó di tiyín nìyẹn.