Ìbò ọdún 1967 ní Ọsirélíà: ohun tó yí padà gan-an

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé ọdún 1967 ni àwọn Aboriginal, àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀tọ́ ìdìbò, àti pé ṣáájú ìgbà náà, òfin kà wọ́n mọ́ ewéko àti ẹranko. Àánú ló mú ọ̀pọ̀ wa pín in, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1962 ni òfin fún gbogbo wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò sílé aṣòfin àpapọ̀. Queensland ló kẹ́yìn nínú àwọn ìpínlẹ̀, ní 1965.

Ìbò 1967 kì í ṣe ìbò ìyan aṣòfin; ìbò tí àwọn ará ìlú fi pinnu àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni. Ohun méjì ló yí padà nínú ìwé náà. Abala 51 kò jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin pàtó fún wọn láwọn ìpínlẹ̀. Abala 127 ní kí wọ́n má kà wọ́n mọ́ iye ènìyàn orílẹ̀-èdè. Ká má ka ènìyàn yàtọ̀ sí ká má jẹ́ kó dìbò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ra.

Ní ti ewéko àti ẹranko, kò sí òfin bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí àgbà kan nínú àwọn Aboriginal bá sọ pé wọ́n ṣe àwọn bí ẹranko, ẹ má já a nírọ́. Nígbà náà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń pinnu ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ẹni tí wọ́n ń fẹ́, àti ohun tí wọ́n ń fi owó iṣẹ́ wọn ṣe. Wọ́n sì ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Ohun tójú àgbà náà rí ló ń sọ, kì í ṣe abala òfin.

Abala méjèèjì wà nínú ìwé òfin Ọsirélíà bó ṣe wà ṣáájú 1967. Ilé àkójọ ìwé ìjọba, National Archives of Australia, ní àlàyé ìbò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ kà á.