Ẹni tó ra Dobermann kò tíì ra ajá ìṣọ́

Lọ́nà Ìkẹ́rẹ́, níbí ní Adó-Èkìtì, àwọn kan fo fẹ́ǹsì wọlé ẹ̀gbọ́n wa kan lóru, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ. Dobermann kan wà nínú ọgbà yẹn o. Ajá dúdú gbọ̀ngbọ̀nràn, etí gígé tó nàró ṣonṣo, àyà bíi ti ṣọ́jà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, abẹ́ mọ́tò ni wọ́n ti fà á jáde. Kíá làdúgbò ti dájọ́: “Wọ́n ti fi oògùn dì í lẹ́nu.” Màmá kan tiẹ̀ ní òun mọ ewé tí wọ́n ń lò.

N kò bá wọn jiyàn, torí inú ń bí ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ ajá yẹn láti kékeré. Bí àwọn ọmọdé bá ń yin báńgà nígbà Kérésìmesì, abẹ́ mọ́tò yẹn náà ló ń sá sí. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà ni pé inú ẹ̀jẹ̀ Dobermann ni ìṣọ́lé wà. Ẹ ṣáà rà á, ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ géètì, ó parí. Láti ìgbà tọ́rọ̀ àwọn ajínigbé ti ń gbà wá lóorun ni ìgbàgbọ́ yìí ti túbọ̀ ràn. Ó ti fìgbà kan súnmọ́ òótọ́. Lóde òní, irọ́ ni.

Karl Friedrich Louis Dobermann ló bẹ̀rẹ̀ ìran ajá yìí ní ìlú Apolda, ní Jámánì. Agbowó-orí ni bàbá náà, iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí aráyé fẹ́ràn èèyàn, ó sì tún ń bójú tó àwọn ajá tó ń rìn gbéregbère nígboro. Ó ń fẹ́ ajá tí yóò máa bá a rìn, tí kò ní í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá láyà, tó sì mú, ló ń jẹ́ kó gun ara wọn. Kò ka àwọ̀ àti ìrísí sí. Ó kú ní 1894. Ní 1899, Otto Göller àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Dobermann sílẹ̀ ní Apolda kan náà. Àwọn ajá àkọ́kọ́ yẹn mú débi pé apá ẹlòmíì kì í ká wọn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà kó wọn lọ sí erékùṣù Guam ní 1944. Márùndínlọ́gbọ̀n nínú àwọn ajá ogun náà kú síbẹ̀, ère Dobermann sì wà lórí ibojì wọn títí dòní.

Ohun tí bàbá Apolda yẹn ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Ọdẹ ni bàbá bàbá mi, nílẹ̀ Ìkọ̀lé. Bí abo ajá wọn bá bímọ mẹ́fà, wọn kì í yan èyíkéyìí lọ́jọ́ náà. Ó dìgbà tí wọ́n bá tẹ̀lé ìyá wọn wọgbó. Èyí tó bá gbọ́ ìró ìbọn tó sá padà sílé, wọ́n á fi ta ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ lọ́rẹ (òmíì sì wọ ìkòkò ọbẹ̀, ọmọ Èkìtì kì í bá ara wọn purọ́ lórí ìyẹn). Èyí tó bá tọ òórùn òkété dé ẹnu ihò, tó walẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀, tí wọ́n lé e tí kò lọ, òun ni wọ́n ń dá sí láti bímọ. Wọn kò wo etí rẹ̀. “Ajá ilé ò mọ ọdẹ ṣe,” bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, wọn kò sì fi pe ajá ilé ní ajá burúkú; wọn kò kàn ní í mú un lọ sígbó ni.

Ibi tí Dobermann ti ṣìnà gan-an nìyẹn. Nígbà tó di ajá olówó, ìdíje ẹwà gba ipò ìdánwò. Adájọ́ ìdíje ẹwà ń wo orí, ọrùn, ẹ̀yìn, eyín, àti bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Kì í yìnbọn, kì í gbé pàṣán sókè sí i. Akọ tó bá gba ife-ẹ̀yẹ, gbogbo èèyàn á gbé abo wọn wá bá a, ojo ìbáà ṣe. Ní Amẹ́ríkà ní tiwọn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú un rọ̀ kó lè bá ọmọdé gbélé. N kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n àyà líle, ìfẹ́ àtilépa nǹkan, àti ìfarabalẹ̀ lójú ewu jẹ́ ohun tí ajá ń jogún. Bí a kò bá yàn án ní ìran kan, ní èkejì, ní ẹ̀kẹta, yóò máa yọ́ lọ. Awọ dúdú náà kì í yọ́, òun ló ń tàn wá jẹ.

Ní Jámánì, ìdánwò kan ṣì wà tí wọ́n ń pè ní ZTP. Wọ́n á yìnbọn létí ajá, ènìyàn á halẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n tó gbà kó bímọ. Síbẹ̀ náà, ẹ lọ wo pápá tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje IGP, èyí tó pín sí mẹ́ta: títọ ipasẹ̀, ìgbọràn, àti ìdáàbòbò. Malinois, ìran ajá kan láti Bẹ́ljíọ̀mù, àti ajá tí à ń pè ní Alsatian ló kún ibẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá náà, bákan náà ni.

Àìsàn ọkàn tún dá kún un. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 lórí Dobermann ní Yúróòpù fi hàn pé ó lé ní ìdajì wọn tí iṣan ọkàn wọn ń rọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Òmíì á kàn ṣubú lulẹ̀, ó tán. Ta ni yóò fi ọdún méjì kọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ níṣẹ́?

Nílé wa níbí ńkọ́? Akọ rèé, abo rèé, àwọ̀ wọn dán, wọ́n ní ìwé ìran: ó parí. Ìwé ìran náà sọ orúkọ bàbá, kò sọ ohun tí bàbá ṣe rí. Bó bá dé ọwọ́ ẹni tó rà á, yóò so ó mọ́ ṣéènì tọ̀sán-tòru, yóò máa fi ata àti ẹtù ìbọn sínú oúnjẹ rẹ̀ kó lè ya ìkà. Ata á ta ikùn rẹ̀, ẹtù á ṣe é ní jàǹbá, ṣéènì á sọ ọ́ di olójora. Gígé etí pàápàá kò fi kún agbára rẹ̀. Wọ́n ti fòfin de é ní Jámánì láti 1987. Ti ìtàn táwọn kan ń sọ pé ọpọlọ rẹ̀ máa ń tóbi ju agbárí lọ tó fi ń ya wèrè, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká fi àkókò ṣòfò lé e. Kò sí ajá tó ń rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ajá tó bá léèyàn lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ẹ̀kọ́ ìdáàbòbò kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi gbígé-ni-jẹ. Láti kékeré ni wọn yóò ti mú un rin ọjà, kó gbọ́ ariwo ọ̀kadà, kó rí agboorùn tó ṣí wàá. Lẹ́yìn náà ni ìgbọràn. Ajá gbọ́dọ̀ pé oṣù méjìdínlógún kó tó jókòó ṣe IGP àkọ́kọ́, lára ohun tí wọ́n sì ń wò ni bóyá yóò tu ohun tó gé mú nígbà tí olówó rẹ̀ bá ní kó tu ú. Ajá tó ń gbó bí ẹni tí wọ́n gbé èṣù wọ̀ lẹ́yìn fẹ́ǹsì lè jẹ́ ojo pátápátá. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ rìn tọ̀ ọ́ lọ, ẹ ó rí i bóyá iwájú ló ń bọ̀ tàbí ẹ̀yìn.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á mú ìyá ọmọ náà wá. Ẹ ju abọ́ irin kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ta gìrì tó tún padà wá gbóòórùn abọ́ náà, ó dára. Bó bá sá wọ kọ̀rọ̀, tí kò jáde mọ́, ẹ fi owó yín sápò.

Ẹ̀gbọ́n ti ra jẹnẹrétọ̀ mìíràn. Ó wá lọ gba ajá ìbílẹ̀ méjì lọ́wọ́ ọdẹ kan, àwọn ló ń gbó lóru báyìí. Dobermann ń sùn ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, lábẹ́ fáànù.