Ó ku turn kan péré!

Ó tún ti ṣẹlẹ̀. Ó ku turn kan péré (ìgbà kan tó kàn mí láti ṣeré) kí n parí Stonehenge, iṣẹ́ àrà olókùúta, nínú eré kọ̀ǹpútà Civilization VI, ni wọ́n bá kéde pé ìlú kan tí mi ò tíì fojú rí rí ti kọ́ ọ tán. Turn kan! Láti ìgbà tí mo ti ń to òkúta, mi ò rán atẹ̀lúdó kankan (àwọn tó ń lọ dá ìlú tuntun sílẹ̀) jáde, jagunjagun mi ò ju ẹyọ kan lọ, àwọn ẹhànnà sì ti ń yọjú nínú igbó.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi. Àwọn agbaninímọ̀ràn ni. "Ṣáà máa gbá a lọ, wàá mọ̀ ọ́n." Kí ni mo fẹ́ mọ̀? Ní ìpele Deity, èyí tó le jù lọ, atẹ̀lúdó 3 ni kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀, èmi ní ẹyọ 1. Ká tó mira, ó ti ní ìlú mẹ́ta. Ṣé eré nìyẹn àbí ìrẹ́jẹ? (Ó dáa, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi yan Deity.)

Kò sí ẹni tó mọ eré yìí tí kò mọ̀ pé ìlú kejì àti ìkẹta ló yẹ kó ṣáájú iṣẹ́ àrà. Èmi náà mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n bí àwòrán òkúta yẹn bá ti yọ báyìí, ọwọ́ mi á ti tẹ̀ ẹ́ kí ọpọlọ mi tó dé.

Aago méjì òru ti kọjá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Òkúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú mi.