Ǹjẹ́ ECOWAS Ti Fi Kún Òwò Wa? Kí Ni A Ó Fi Wọ̀n Ọ́n?

Ọmọ Ìtòkú: Láti 1975 tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Èkó, òwò tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bá ara wọn ṣe kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá òwò wọn lọ. Lójú tèmi, àdéhùn náà kò ṣe àwa oníṣòwò Abẹ́òkúta ní àǹfààní.

Olùkọ́ Ìbarà: Ìdá yẹn nìkan kò tó dá ẹjọ́ yìí. Epo rọ̀bì ni Nàìjíríà ń tà jù, òkè òkun ni ó sì ń lọ; nígbà tí owó epo bá gbówó lórí, àpapọ̀ òwò wa yóò wú, ìdá ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò sì kéré sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó dín ọjà tó ń gbé lọ sí Kùtọnú kù. Ohun tó yẹ kí a bèèrè ni bí òwò náà ìbá ti pọ̀ tó ká ní kò sí àdéhùn rárá. Jan Tinbergen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, la ọ̀nà rẹ̀ ní 1962: bí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè méjì bá ṣe tóbi tó, tí wọ́n sì súnmọ́ra tó, ni òwò wọn yẹ kí ó pọ̀ tó. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ni a lè wò bóyá àdéhùn ló fà á, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ipa èdè àti ti owó kúrò, nítorí owó sẹ́fà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ ń ná kì í ṣe iṣẹ́ ECOWAS.

Ìyá Aládìrẹ: Ẹ ṣeun, Olùkọ́, ṣùgbọ́n ìwé aṣọ́bodè ni ẹ ó fi ṣe ìṣirò náà. Àdìrẹ tí àwọn oníbàárà mi ń dì sínú àpò gba Ìdí-Ìrókò kọjá kò sí nínú ìwé kankan. Nígbà tí ìjọba ti ibodè orí ilẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, àwọn oníbàárà wọ̀nyí kò wá mọ́, ìwé kò sì lè sọ ohun tí a pàdánù. Ìjọba Uganda máa ń rán òṣìṣẹ́ sí ẹnu ibodè láti ka ẹrù àwọn aláròóbọ̀. Ó yẹ kí tiwa náà ṣe é.

Ọmọ Ìtòkú: Ìyá wa, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Jacob Viner, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kìlọ̀ ní 1950 pé owó bodè tí a bù lé ọjà ará ìta, tí a kò bù lé ti ọmọ ẹgbẹ́, lè mú kí a pa ọjà rẹ̀ tó dínwó tì, kí a wá máa ra ti ọmọ ẹgbẹ́ tó wọ́n jù ú lọ.

Olùkọ́ Ìbarà: Nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ wo méjèèjì pọ̀: bí òwò inú ẹgbẹ́ bá pọ̀ sí i, tí ti ìta kò sì dín, òwò tuntun ni.

Ìyá Aládìrẹ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ̀n ọ́n ní ọjà kọ̀ọ̀kan, nítorí ohun tó ń ṣe ìrẹsì kọ́ ló ń ṣe àdìrẹ.