Sanskrit kọ́ ló bí «father»

Wọ́n tún ti ń pín in kiri lórí WhatsApp pé Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ni ìyá gbogbo èdè ayé. Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń gbé jókòó ni orúkọ tí wọ́n ń pe bàbá: pitar ni Sanskrit, patēr ni Gíríìkì, pater ni Látìn, father ni Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n jọra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tẹ̀gbọ́n tàbúrò náà máa ń jọra, ìyẹn kò sọ ẹ̀gbọ́n di ìyá. (Gbogbo èdè ayé kẹ̀? Tamil àti Telugu tí wọ́n ń sọ ní Íńdíà níbẹ̀ gan-an kì í ṣe ọmọ Sanskrit.)

Ẹ fojú sí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́. «i» ló wà nínú pitar. «A» ló wà nínú ti Látìn, ti Gíríìkì àti fadar ti èdè Gothic, èdè àtijọ́ kan tó jẹ́ ìbátan Jámánì. Bó bá jẹ́ ọwọ́ Sanskrit ni wọ́n ti gbà á, a jẹ́ pé «i» Sanskrit máa ń di «a» lẹ́nu wọn. Ó dáa. Vidhavā ni Sanskrit ń pe opó. Vidua ni Látìn, widuwō ni Gothic. «i» dúró digbí. Ẹ tún wo sthita, ohun tó dúró: status ni Látìn, statos ni Gíríìkì. «a» tún dé. Ta ló ń sọ fún ará Róòmù «i» tí yóò yí padà àtèyí tí yóò fi sílẹ̀? Kò sí nǹkan kan nínú Sanskrit tó lè sọ ọ́ fún un. Ìró mìíràn ló ti wà níbẹ̀ ṣáájú, èyí tí àwọn ará Íńdíà àti Páṣíà sọ di «i», tí àwọn yòókù sọ di «a».

Ferdinand de Saussure, ọmọ ọdún 21 láti Switzerland, ló fi ìṣirò lásán sọ ní 1879 pé irú ìró tó ti kú bẹ́ẹ̀ ti wà rí. Ní 1927, Jerzy Kuryłowicz, ará Pólándì, tọ́ka sí i nínú Hittite, èdè àtijọ́ kan, lórí wàláà amọ̀ tí wọ́n hú nílẹ̀ Tọ́kì. Níbi tí Látìn ti ní ante (níwájú), tí Sanskrit sì ní anti, ḫant- ni Hittite kọ. «ḫ» yẹn ni irú ìró tó kú náà; ó ti bọ́ lẹ́nu Sanskrit tipẹ́.

William Jones, adájọ́ tí àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn láti dárúkọ, kò kúkú pè é ní ìyá. Ohun tó sọ ní Kolkata ní 1786 ni pé Sanskrit, Gíríìkì àti Látìn ti orísun kan náà wá, orísun tó ṣeé ṣe kó má sí mọ́.

Ibi tí Sanskrit ti wúlò jù ni wọn kì í sọ. Ní Jámánì, Vater ni bàbá, Bruder ni arákùnrin: «t» níhìn-ín, «d» lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀, «t» kan náà ló wà nínú pitar àti bhrātar. Karl Verner, ará Denmark, ló já a ní nǹkan bí 1875: ohùn ni. Nínú Sanskrit ti Veda, àwọn ìwé mímọ́ àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, sílébù kejì ni ohùn òkè wà nínú pitár, sílébù kìíní ló wà nínú bhrā́tar. Ibi tí ohùn yẹn bọ́ sí nígbà ìwáṣẹ̀ ló pinnu ohun tí «t» yóò dà lẹ́nu àwọn baba ńlá àwọn ará Jámánì. Àwa tí à ń fi ohùn ya igba sọ́tọ̀ kúrò lára igbá, kò yẹ kíyẹn ṣòro fún wa.

Àwọn kan á tún fa tiwa wọ̀ ọ́: Híńdì ní bābā, Yorùbá ní bàbá, ọmọ ìyá ni wá! Ó wà ní Tọ́kì, ní Swahili àti ní Ṣáínà pẹ̀lú, ẹ̀yin èèyàn mi. Ètè ni ìkókó fi ń ṣeré, «ba», «pa», «ma» ló ń jáde, òbí a sì gbà pé òun ló ń pè. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́rìí ìbátan. Hittite tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí Sanskrit lóòótọ́, atta ló ń pe bàbá. Kódà àwọn Gothic tó ní fadar, Atta unsar ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa.